Mo pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ onírésì mi sí èyí tó sàn jù: kí ló yí padà gan-an lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Àjàsẹ́-Ìpo?

Ọlọ́kẹ̀kẹ́_Tánkẹ̀ · Ọjọ́ Àìkú, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lẹ́nu mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ọdún 4 ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ onírésì tòkunbọ̀ kan. Irin ni férémù rẹ̀, gíà 6 ló wà lẹ́yìn, 2 níwájú. Ibi tí a ti ń yí gíà wà lára irin ìsàlẹ̀ férémù, nítorí náà bí mo bá fẹ́ yí gíà, àfi kí n fi ọwọ́ kan sílẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e sórí ìwọ̀n àwọn oníṣu ládùúgbò wa: kìlò 13 ààbọ̀. Ó sìn mí dáadáa, n ò ní í bú u.

Lóṣù tó kọjá ni àjọ kàn mí. Mo fi owó àjọ náà kún èyí tí mo ti ń tọ́jú, mo ra òmíràn: férémù alumíníọ̀mù, fọ́ọ̀kì káábọ̀nù, gíà Shimano Sora tó ní 9 lẹ́yìn, bíréèkì onídíìsì, táyà tó fẹ̀ tó mìlímítà 28. Kìlò 10 géérégé ni. Nígbà tí màmá mi gbọ́ iye rẹ̀, wọ́n ní owó yìí ì bá ra ọ̀kadà àlòkù. Wọn ò parọ́.

Ọ̀nà tí mo máa ń gbà ní àárọ̀ Sátidé kò yí padà: Tánkẹ̀ sí Gáà-Akanbí, Gànmọ, Amọ́yọ̀, Ìdọ̀fíàn, Òmùpò, ó di Àjàsẹ́-Ìpo. Bíi kìlómítà 40 ni. Ti àtijọ́ máa ń gbé mi débẹ̀ ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 48. Lánàá, tuntun gbé mi débẹ̀ ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 41.

Ìṣẹ́jú 7! Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo ti fọkàn sí. Síbẹ̀, inú mi dùn débi pé oorun ò kùn mí lálẹ́ àná. Ara mi ń sọ fún mi pé gbogbo nǹkan ló ti yàtọ̀, aago ń sọ pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? Ẹ̀yin tí ẹ ti pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ rí, báwo ni tiyín ṣe rí?

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkè_Òdò · Ọjọ́ Àìkú, 8:31 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire o! Kẹ̀kẹ́ á gbé yín re, á gbé yín bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ hàn wá.

---

Tíṣà_Físíìsì · Ọjọ́ Àìkú, 9:50 àárọ̀

Àbúrò, o kú ewu ọ̀nà. Aago ò parọ́, ara rẹ náà ò parọ́. Nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n.

Jẹ́ ká mú ti aago ná. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí eré rẹ bá ti ń súnmọ́ kìlómítà 25 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ẹsẹ̀ rẹ. Ta ló sì ń dí afẹ́fẹ́ náà lọ́nà? Àyà rẹ ni, èjìká rẹ ni, apá rẹ ni. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìpín tirẹ̀ kéré. Bí o bá fẹ́ sọ eré rẹ di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin, agbára tí ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ ní láti borí rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí owó tó lè ra ọ̀kadà kò fi lè ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èèyàn kan náà ló ṣì jókòó sórí rẹ̀.

Ó wá ku ìwọ̀n. Kìlò 3 ààbọ̀ lo yọ kúrò. Ká ní ìwọ, omi rẹ àti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jẹ́ kìlò 87 lápapọ̀, ohun tí o yọ kò ju 4 nínú 100 lọ. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú o ò lè mọ̀ ọ́n lára. Lórí òkè tó ga gan-an tí o máa ń fi ìṣẹ́jú 10 gùn, ó lè yọ bí ìṣẹ́jú-àáyá 24 fún ọ. UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ti fòfin dè é láti ọdún 2000 pé kẹ̀kẹ́ ìdíje kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju kìlò 6.8 lọ. Ìyẹn ni pé kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń fi eré yìí jẹun, díẹ̀ ló fi ju kìlò 3 lọ tó fi fúyẹ́ ju tìrẹ. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta kìlò fún ọ ní owó gegere mọ́.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyí: táyà wo ló wà lẹ́sẹ̀ ti àtijọ́? Géèjì mélòó lo sì ń fún un?

---

Ọlọ́kẹ̀kẹ́_Tánkẹ̀ · Ọjọ́ Àìkú, 10:22 àárọ̀

Ẹ ṣeun, sà. Mìlímítà 23 ni, mo sì máa ń fún un dé géèjì 110 torí ẹni tó tà á fún mi sọ pé bí táyà bá ṣe le tó ni yóò ṣe sáré tó. Ti tuntun, 75 ni mo fún un.

---

Tíṣà_Físíìsì · Ọjọ́ Àìkú, 10:40 àárọ̀

Mo fura sí i. Táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì le bí òkúta dára lórí ọ̀dà tó dán bí awo. Ọ̀dà tiwa ńkọ́? Òkúta wẹ́wẹ́ yọrí, ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ga ju ibi tí wọn ò lẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìgbà tí táyà líle bá kọlu òkúta, kò lè gbé e mì, ṣe ló máa gbé ìwọ àti kẹ̀kẹ́ sókè. Ẹsẹ̀ rẹ ló san owó gbígbé yẹn. Táyà tó fẹ̀ díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀ máa ń gbé òkúta náà mì, ìwọ á máa bá tìrẹ lọ síwájú.

Mo rọ̀ ọ́ kí o ṣe ìdánwò kan fún wa. Wá táyà 28 irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ tuntun, fi wọ ti àtijọ́, kí o gun un lọ sí Àjàsẹ́ ní Sátidé. Ká mọ èyí tó jẹ́ ti táyà àti èyí tó jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ nínú ìṣẹ́jú 7 yẹn.

---

Bàbá_Onísípánà · Ọjọ́ Àìkú, 1:05 ọ̀sán

Kó tó ra táyà, kó ka nọ́ńbà ara èyí tó wà níbẹ̀. Bó bá rí 622, 700C nìyẹn, kó rà á. Bó bá rí 630, ẹsẹ̀ 27 ínsì àtijọ́ ni, táyà tuntun ò ní í jókòó lórí rímù náà láéláé. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé ló jẹ́ 630, àwọn èèyàn á sì ra táyà tán kí wọ́n tó gbé e wá bá mi.

Kó tún wo àyè tó wà láàárín táyà àti bíréèkì. Bí ìka ọwọ́ kékeré bá kọjá, kò séwu.

---

Àǹtí_Ọ̀fà · Ọjọ́ Àìkú, 4:17 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọ̀sán gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, torí ìrírí tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n pa kẹ̀kẹ́ gígùn tì pátápátá.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni mo kúrò lórí kẹ̀kẹ́ lásán tí mo fi ń lọ sílé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, mo ra onírésì tó dára. Tó dára lóòótọ́! Gíà rẹ̀ sàn ju èyí tí Ọlọ́kẹ̀kẹ́ rà yìí lọ. Láàárín oṣù kan, orúnkún mi ń dùn, ọrùn mi gan, àtẹ́lẹwọ́ mi kú tipiri bí mo bá fi dé Erin-Ilé, bẹ́ẹ̀ kìlómítà mélòó ni Erin-Ilé sí Ọ̀fà? Ìtòsí ni. Mo rò pé ọjọ́ orí ló dé. Mo rò pé eré yìí kì í ṣe ti obìnrin tó ti bímọ mẹ́ta.

Kẹ̀kẹ́ náà ló tóbi jù fún mi. Ẹni tó tà á fún mi mọ̀, ó kàn fẹ́ kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Ó ní kí n fara dà á, ara mi á bá a mu tó bá yá. Ara kì í bá férémù mu o, férémù ló gbọ́dọ̀ bá ara mu. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ni mo ti rí ìrànwọ́. Irin tó mú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ síwájú, mìlímítà 110 ló wà níbẹ̀. Ó yọ ọ́, ó fi 70 sí i. Ó sọ ìjókòó kalẹ̀. Ó ní kí n jókòó, kí n fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá: bí ẹsẹ̀ bá nà gbọọrọ láìjẹ́ pé ìdí yẹ̀ kúrò lórí ìjókòó, ibẹ̀ ni ó yẹ kó wà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kẹ̀kẹ́ tó dára. Híjáàbù mi wà lábẹ́ àṣíborí, ṣòkòtò mi fún lẹ́sẹ̀, mo ń lọ bí ẹyẹ.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbèrò láti pààrọ̀, kó kọ́kọ́ mọ gígùn ara rẹ̀. Èyí tó kéré lówó tó sì bá ara mu sàn ju olówó gọbọi tó ń nà ọ́ bí awọ ìlù.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkè_Òdò · Ọjọ́ Àìkú, 7:42 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà, mo ní ìbéèrè. Kẹ̀kẹ́ tí mo ní, irú èyí tó ní táyà eléékánná àti sípíríǹgì níwájú ni. Kìlò 17. Bí mo bá gun un láti Òkè-Òdò wọ ọgbà Unilorin, sípíríǹgì yẹn á máa tì wọlé, á máa jáde, gbogbo bí mo ṣe ń wa pẹ́dà ló ń mu ún. Láti ọdún 2024 tí Biniam Girmay, eléré kẹ̀kẹ́ ará Ẹrítríà, gba ipele mẹ́ta nínú Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, tó sì wọ aṣọ aláwọ̀ ewé (ti ẹni tó kó máàkì jọ jù) lọ sílé, n ò rí nǹkan mìíràn rò mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé tún wá sí Kigali ní Rwanda lọ́dún 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tó wá sílẹ̀ aláwọ̀ dúdú.

Ẹnì kan fẹ́ ta tòkunbọ̀ káábọ̀nù fún mi. Ó fúyẹ́ débi pé ìka méjì ni mo fi gbé e. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí ẹ̀gbọ́n rà. Ṣé kí n rà á? Àmì kan wà lára férémù náà lábẹ́, bí ìgbà tí èékánná ha nǹkan.

---

Bàbá_Onísípánà · Ọjọ́ Àìkú, 8:03 alẹ́

Má rà á.

---

Bàbá_Onísípánà · Ọjọ́ Àìkú, 8:20 alẹ́

Ọmọ mi, má bínú pé mo dáhùn ṣókí lẹ́ẹ̀kan, oníbàárà dé bá mi ni. Jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Irin, bó bá fẹ́ dá, á kọ́kọ́ sọ fún ọ. Á tẹ̀, á là, á máa dún. Wẹ́dà tó bá mọṣẹ́ lè jó o padà, wàá gun un lọ ilé. Alumíníọ̀mù kì í jẹ́ kí wẹ́dà ojú ọ̀nà tún un ṣe dáadáa, torí iná tí wọ́n fi jó o máa ń gba agbára ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lè rí i bó bá fẹ́ là. Káábọ̀nù yàtọ̀. Fọ́nrán ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ní ìpele ìpele. Bó bá ṣubú lulẹ̀ nínú kọ̀ǹténà tàbí tí nǹkan ti kọlù ú rí, òde rẹ̀ lè dán gbinrin nígbà tí inú ti ya. Lọ́jọ́ tó bá máa dá, kò ní í kì ọ́ nílọ̀.

Ẹni tí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀ lè mú kọ́ìnì, kó fi kan férémù náà ko, ko, ko, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tó bá le, ohùn rẹ̀ á mọ́ kedere. Níbi tó bá ti bàjẹ́, ohùn á kú, bí ìgbà tí èèyàn kan igbá tó là. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ò tó láti fi ẹ̀mí lé lórí, àgàgà bí àmì bá ti wà ní irin ìsàlẹ̀. Káábọ̀nù tuntun tó ti ọwọ́ ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé wá, kò sí nǹkan tó ṣe é. Tòkunbọ̀ rẹ̀ tí a ò mọ ìtàn rẹ̀, jẹ́ kó máa lọ.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkè_Òdò · Ọjọ́ Àìkú, 8:26 alẹ́

Mo gbọ́, bàbá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti pè é, mo ní n ò rà mọ́.

---

Baba_Ìgbàjà · Ọjọ́ Ajé, 5:58 àárọ̀

Mo kí yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n máa ń ki Ìlọrin pé ẹṣin leégún ilé wọn. Ní Ìgbàjà nígbà èwe mi, Raleigh dúdú ni ẹṣin tiwa. Ẹsẹ̀ 28 ínsì, bíréèkì onírin gbọọrọ, dàínámò tó ń tan iná níwájú, kò ní gíà kankan. Mo ń di iṣu mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ ọjà Àjàsẹ́. Bí òkè bá dé, à ń sọ̀ kalẹ̀ tì í ni, kì í ṣe ìtìjú.

Ohun tí tíṣà sọ nípa táyà yẹn ló mú mi sọ̀rọ̀. Táyà Raleigh yẹn, ínsì 1 ààbọ̀ ni ìbú rẹ̀. Ọmọ yìí sọ fún mi pé ó tó mìlímítà 38. Ilẹ̀ pupa la ń gùn, yanrìn, gbòǹgbò igi, kò sì sí ibi tí kò gbé wa dé. Ìgbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ dé láti òkè òkun, mo béèrè pé ọ̀nà wo ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn gùn. Inú mi dùn pé táyà ti tún ń fẹ̀ padà.

Ọmọ Tánkẹ̀, o béèrè ohun tó ń yí padà. Kí n tó ní kẹ̀kẹ́, Ìgbàjà ni ayé mi mọ. Nígbà tí mo ní i, ayé mi dé Òró. Òró ni ìyàwó mi ti wá. Láìsí kẹ̀kẹ́ yẹn, n kì bá tí mọ̀ wọ́n.

---

Àǹtí_Ọ̀fà · Ọjọ́ Ajé, 6:30 àárọ̀

Baba, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ bá wa kí ìyá o. Mo ka ti yín fún ọkọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

---

Olówùúrọ̀_Gànmọ · Ọjọ́ Ajé, 7:11 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ tírélà. Ọ̀nà yẹn ni àwọn tó ń lọ Lọ́kọ́ja ń gbà. Kó tó di pé ẹ náwó lórí gíà, ẹ ra iná pupa tí yóò máa ṣẹ́jú lẹ́yìn àti dígí kékeré tó ń wọ ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ jáde ní 5:45, kí ẹ ti kọjá Ìdọ̀fíàn kó tó di 7. Bí tírélà méjì bá fẹ́ pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ bọ́ sílẹ̀ ìgbẹ́, ẹ má bá wọn du ọ̀dà. Níbí gan-an, kẹ̀kẹ́ tuntun ní ewu tirẹ̀: ó máa ń dùn gùn débi pé èèyàn á gbàgbé ẹ̀yìn.

---

Ọlọ́kẹ̀kẹ́_Tánkẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 9:35 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Gànmọ, òótọ́ lẹ sọ, mo ní iná, màá ra dígí lọ́la.

Mo ti wo nọ́ńbà, 622 ni, ìka sì kọjá. Mo ti sọ fún ẹni tó ń ta táyà pé kó bá mi mú méjì wá.

Kí Sátidé tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan méjì tí mi ò sọ lánàá. Èkíní ni gíà. Mo ka eyín wọn. Èyí tó rọ̀ jù lára ti àtijọ́ jẹ́ 42 níwájú, 28 lẹ́yìn. Ìyẹn ni pé bí mo bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ á yí lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀, á gbé mi lọ bíi mítà 3. Ti tuntun jẹ́ 34 níwájú, 32 lẹ́yìn: ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀, mítà 2 lé díẹ̀. Òkè kan wà ká tó dé Òmùpò. Fún ọdún 4, ìdúró ni mo fi ń gùn ún, eyín mi á wà lórí ara wọn, ọkàn mi á máa lù bí gángan. Ní Sátidé tó kọjá, mo jókòó. Mo jókòó gùn ún! Mi ò sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé òkè, ẹsẹ̀ mi ṣì wà.

Èkejì ni bíréèkì. Rímù àtijọ́, irin dídán ni. Bó bá ti kan omi, bíréèkì ò mú un mọ́. Nínú oṣù Kẹsàn-án, òjò ń rọ̀, mo ń sọ̀ bọ̀ níhà Amọ́yọ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta sọdá. Mo fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì méjèèjì, kẹ̀kẹ́ ò dúró, ó kàn ń lọ bí ẹni pé n ò tẹ nǹkan kan. Ọlọ́run ló ní kí ewúrẹ́ tó kẹ́yìn fò. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fi ìbẹ̀rù sọ gbogbo òkè, òjò ì báà rọ̀ tàbí kó má rọ̀. Ti onídíìsì yìí, ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́.

---

Bàbá_Onísípánà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:12 ọ̀sán

Níwọ̀n bó o ti ní i, jẹ́ kí n kọ́ ọ bí yóò ṣe pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, torí nǹkan tuntun yìí kò ní ojú líle bíi ti àtijọ́.

Ọyẹ́ ti ń wọlé. Eruku á po mọ́ ọ́ìlì ṣéènì, á di bí ọṣẹ dúdú, á máa jẹ eyín gíà díẹ̀díẹ̀. Má ṣe da ẹ́ńjìn ọ́ìlì sí i, ó máa ń fa eruku mọ́ra jù. Fi àkísà nu ṣéènì gbẹ ná, kí o kán ọ́ìlì tó fúyẹ́ sí i ní ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yí i, kí o tún nù ún. Inú ló yẹ kí ọ́ìlì wà, kì í ṣe òde. Má sì jẹ́ kí ọ́ìlì kan díìsì, bó bá kàn án, bíréèkì á bàjẹ́.

Ẹnu tíúbù rẹ tẹ́ẹ́rẹ́, pọ́ǹpù fọkanáísà kò ní í mú un. Ẹnu idẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń dì mọ́ ọn. Ra méjì, so ọ̀kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ.

Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló so gíà ẹ̀yìn mọ́ férémù. Wọ́n ṣe é kó rọ̀ kó lè kọ́kọ́ tẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú, kí férémù má bàa bàjẹ́. Ti kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Bó bá ṣẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀fà, kò sí ẹni tó máa ní irú tìrẹ. Ra àpòjù kan báyìí, fi sínú àpò abẹ́ ìjókòó. Mo ti rí ẹni tó ti kẹ̀kẹ́ olówó ńlá wọ Ìlọrin nítorí irin tí kò tó ìka.

---

Ọlọ́kẹ̀kẹ́_Tánkẹ̀ · Ọjọ́ Sátidé, 12:48 ọ̀sán

Mo ti dé o. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́, táyà 28, géèjì 75. Wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 44.

Ìṣẹ́jú 4 nínú 7, táyà ló ni ín!

---

Tíṣà_Físíìsì · Ọjọ́ Sátidé, 1:30 ọ̀sán

O kú iṣẹ́ gan-an ni. Má tíì fi ìka tẹ̀ ẹ́ o. Ìgbà kan kò tó. Ọyẹ́ ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ ló sì ń kọlù ọ́ bí o bá ń lọ Àjàsẹ́, ó lè fún ọ ní ìṣẹ́jú kan tàbí kó gbà á. Tún un ṣe.

---

Ọlọ́kẹ̀kẹ́_Tánkẹ̀ · Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Sà, mo ti tún un ṣe. Ní Ọjọ́rú tí a gba ìsinmi mo gun ti àtijọ́: wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 45. Lónìí mo gun tuntun: wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 41 lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó jọ pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ. Fún ọdún 4, Àjàsẹ́ ni mo ti ń yí padà. Mo rò pé agbára mi ló ń tán níbẹ̀. Ní Ọjọ́rú tí mo tún gun ti àtijọ́ ni mo wá kíyè sí i: ẹsẹ̀ mi kò rẹ̀, ọwọ́ mi ló ń dùn mí. Ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e ti kú, èjìká mi ti gan nítorí pé gbogbo ìgbà ni mo ń bẹ̀rẹ̀ yí gíà, tí mo sì ń di bíréèkì mú bí ẹni tó di ọmọ mú létí odò. Ọwọ́ mi ló ń dá mi padà láti Àjàsẹ́, mo sì ti ń di ẹ̀bi ru ẹsẹ̀ mi láti ọdún 4 wá.

Lónìí nígbà tí mo dé Àjàsẹ́, mo wo ọwọ́ mi, kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo jẹ dùndú, mo mu omi, mo kọjú sí Ọ̀fà. Mo kọjá Ìjágbó. Mo dé Ọ̀fà kó tó di 9, mo dúró níwájú ibùdókọ̀ ojú irin, mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Lọ àti bọ̀, ó lé ní kìlómítà 100. N kò ṣe irú rẹ̀ rí láyé mi. Màmá mi béèrè pé níbo ni mo ti ń bọ̀, nígbà tí mo sọ, wọ́n ní irọ́ ni.

Baba Ìgbàjà, mo rántí ọ̀rọ̀ Òró yín lójú ọ̀nà.

---

Baba_Ìgbàjà · Ọjọ́ Sátidé, 7:05 alẹ́

Mo ka á fún ìyá. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá o rí ẹnì kankan ní Ọ̀fà.

---

Àǹtí_Ọ̀fà · Ọjọ́ Sátidé, 7:20 alẹ́

O dé Ọ̀fà, o ò pè mí! Mi ò ní í gbà lọ́jọ́ mìíràn. Bó o bá tún ń bọ̀, màá wá pàdé yín ní Àjàsẹ́ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkè_Òdò · Ọjọ́ Sátidé, 8:44 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, orí mi wú nígbà tí mo ka á. Ṣé ẹ fẹ́ ta ti àtijọ́ ni? Mi ò lówó báyìí, ṣùgbọ́n mo lè san án díẹ̀díẹ̀.

---

Ọlọ́kẹ̀kẹ́_Tánkẹ̀ · Ọjọ́ Sátidé, 9:02 alẹ́

Mi ò tà á. Wá máa gùn ún. Táyà tuntun ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, rímù irin yẹn nìkan ni mi ò fẹ́ kí o gùn nínú òjò títí a ó fi rí alumíníọ̀mù fi rọ́pò rẹ̀. Báwo lo ṣe ga tó?

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkè_Òdò · Ọjọ́ Sátidé, 9:03 alẹ́

Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínsì 8. Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bù kún yín. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

---

Bàbá_Onísípánà · Ọjọ́ Sátidé, 9:15 alẹ́

Ó máa bá a mu. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn Jímọ̀, kí n sọ ìjókòó kalẹ̀ fún un. Mo ní rímù alumíníọ̀mù méjì nílẹ̀ tí mo yọ lára tòkunbọ̀ kan, ihò súpókù wọn jẹ́ 36. Kó ka ti àtijọ́ fún mi kó tó máa bọ̀.

---

Olówùúrọ̀_Gànmọ · Ọjọ́ Sátidé, 9:31 alẹ́

Mo ní iná pupa kan lápòjù, ó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká pàdé ní ìyànà Gànmọ, Sátidé tó ń bọ̀, 5:45. Mi ò ní í dúró de ẹni tó bá pẹ́, oòrùn ò dúró de èmi náà.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkè_Òdò · Ọjọ́ Sátidé, 9:40 alẹ́

Ihò 36 ni, bàbá, ẹ̀gbọ́n ti bá mi kà á. Màá wà ní Gànmọ ní 5:30.